Ẹ Bi Wá: Kí Ẹ Tó Kó Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Ìjọ Kọjá Ibodè Lọ Bá Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó dé bá wa láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n dá lé: àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n bá àwọn ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ kàwé, kí wọ́n bá wọn ṣeré, kí wọ́n sì sọ ìtàn Bíbélì fún wọn. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Àwa mẹ́rìnlá la fẹ́ lọ sí Kétu nígbà ọlidé gígùn. Owó bọ́ọ̀sì ti pé. Kí ló kù?
Alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

Alága wa, ẹ kú ìmúra. Lẹ́tà ìpè ló yẹ kó ṣáájú owó bọ́ọ̀sì. Ìjọ tó wà ní Kétu ni kó kọ ọ́, kó sì sọ nǹkan márùn-ún: iye ọmọ tó ń bọ̀, ọjọ́ orí wọn, ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń le fún wọn, ẹni tí yóò máa dúró tì yín lójoojúmọ́, àti ibi tí ẹ máa sùn. Bí lẹ́tà náà bá kàn sọ pé “ẹ máa bọ̀, inú wa á dùn”, ẹ fi ìbéèrè márààrún ránṣẹ́ padà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dé láìmọ ohun tí olùkọ́ ibẹ̀ ń fẹ́, orin àti àtẹ́wọ́ ni yóò fi ọjọ́ márùn-ún ṣe. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, ọmọ tí kò lè pín 84 sọ́nà mẹ́rin kò ní lè pín in síbẹ̀.

Iye yín náà pọ̀. Ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò omi nìkan. Ìwẹ̀, mímu àti abọ́ fífọ̀, ẹnì kan á lo nǹkan bí ogún lítà lójúmọ́. Ẹni mẹ́rìnlá, 280 lítà nìyẹn; ó lé ní kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kànlá. Ní abúlé, ta ni yóò pọn ọ́n? Àwọn ọmọbìnrin tí ẹ tìtorí wọn wá gan-an ni wọ́n máa rán, òwúrọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi jókòó tì yín ni wọ́n á sì fi máa ru omi. Ẹni mẹ́jọ kò lò tó kẹ́ẹ̀gì méje. Nínú kíláàsì náà, àgbà mẹ́ta péré níṣẹ́ wà fún: ẹni tó ń kọ́ wọn, ẹni tó ń yí ká wo iṣẹ́ wọn, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tí kò tètè yé. Bí ẹnì kẹrin àti ìkarùn-ún bá dúró ti ògiri, àwọn ni àwọn ọmọ á máa wò.

Ọlidé gígùn tí ẹ mú dára, torí pé ilé-ìwé ti gba ọlidé níbẹ̀ náà, ẹ ò ní da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rú. Ọgbà ìjọ ni kí ẹ ti ṣe é, láti aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìgbà iṣẹ́ oko ni, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ló máa bá wọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ lọ láàárín sáà ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní directeur ló máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lákọsílẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, láti CI, CP, CE1, CE2, CM1 dé CM2, ìdánwò CEP ló sì parí rẹ̀. Ẹ má dá àbá kankan fún kíláàsì CM2 nígbà tí ìdánwò yẹn bá ti sún mọ́lé. Olùkọ́ wọn ò ní wákàtí kan láti fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 1990 sọ pé ìjọba ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Nítorí náà, nínú ilé-ìwé ìjọba, ẹ mú ìwé kíkà, ìṣirò àti eré lọ. Ìtàn Bíbélì, ọgbà ìjọ ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí òbí wọn mọ̀ pé ìtàn Bíbélì ni wọ́n ń lọ gbọ́. Mùsùlùmí wà ní Kétu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àtayébáyé. Ọmọ tó jókòó níwájú yín lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí àlejò bá dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń bú Agẹmọ lójú ọmọ yín, ẹ mọ bó ṣe máa dùn yín. Ẹ sọ ti Jésù tí ẹ wá sọ. Ẹ má bú ti bàbá ọmọ.

Lójú ọ̀nà, ẹ gba ibodè tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tì, bíi Ìdí-Ìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀. Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú pọ̀ lápá Ìmẹ̀kọ, wọ́n sì yá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé á ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó lọ́jọ́ tó bá ń padà. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, òǹtẹ̀ yẹn ló sì ń fi ọjọ́ tí ẹ wọlé hàn. Ẹ fi owó ọjọ́ mẹ́ta pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibodè lè tì: Nàìjíríà ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i.

Ọmọ Yorùbá ni àwọn ọmọ Kétu. Ṣé a lè kó ìwé Yorùbá wa àti káàdì aláfábẹ́ẹ̀tì lọ fi kọ́ wọn?
Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Wọ́n gbọ́ Yorùbá, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kàwé. Ọmọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ geere lè máà lè ka gbólóhùn Yorùbá kan. Ẹni tó sì mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀wé Benin ló mọ̀, kì í ṣe tiwa. Ibi tí àwa ti ń kọ ẹ, wọ́n ń kọ ɛ. Ọ tiwa, ɔ ni tiwọn. Ṣ tiwa, sh ni. P tiwa, kp ni. Ẹ kọ “ọ̀pẹ” sórí pátákó, ọ̀rọ̀ kan náà, “ɔ̀kpɛ” ni wọ́n ń kọ. Bí ẹ bá na káàdì “ojú” sí ọmọ CE1, yóò kà á bíi Faransé: j á dún bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn jáde láàárín eyín, u á sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ò gọ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín, òun ò sì ní na ọwọ́ sókè mọ́ títí ẹ ó fi lọ.

Nítorí náà, ẹnu ni kí ẹ fi lo Yorùbá. Àlọ́, àròsọ, kíka nǹkan ní oókan, eéjì, gbogbo ìyẹn á wọlé. Ohun tó bá di kíkọ, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ibẹ̀ kọ ọ́. Kí ẹ sì fi Yorùbá àjùmọ̀lò sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ìjẹ̀bú tí a ń sọ nílé dùn lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n kò lè tètè yé ọmọ Kétu, gẹ́gẹ́ bí Kétu tiwọn náà kò ṣe ní tètè yé yín. Bí ọmọ Fọ̀n bá wà láàárín wọn, ẹ nílò ògbufọ̀: ẹ sọ gbólóhùn kúkúrú kan, ẹ dánu dúró, kó túmọ̀ rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ òmíràn.

Ìṣirò náà ní tirẹ̀. Bí àwa bá fẹ́ pín 84 sí mẹ́rin, a máa kọ 4 sápá òsì, a ó fi 84 sábẹ́ òrùlé, ìdáhùn á wà lókè. Tiwọn: 84 wà lápá òsì, wọ́n fa ìlà ní òró, 4 wà lápá ọ̀tún ìlà náà, wọ́n fa ìlà ní ìbú sábẹ́ 4, wọ́n wá kọ 21 sábẹ́ ìlà ìbú. Olùkọ́ tó bá kọ́ wọn ní tiwa fún ọjọ́ márùn-ún ti da ohun tí wọ́n mọ̀ rú, olùkọ́ wọn ló sì máa tún un ṣe. Àmì ìdá mẹ́wàá tí àwa ń fi àmì ìdánudúró kọ, kọ́má ni wọ́n ń lò: 2,5 dípò 2.5. Oókan wọn ní imú gígùn, eéje wọn ní ìlà tó dábùú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ eéje láìdábùú, ọmọ lè pè é ní oókan, gbogbo ìṣirò tó tẹ̀lé e á sì dà rú. Ẹ fi alẹ́ méjì kọ́ nọ́ńbà tiwọn nílé kí ẹ tó lọ. Kò le.

Síléètì ni irinṣẹ́ tó dára jù, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n lò. Olùkọ́ á bi ìbéèrè kan ṣoṣo, bíi “méje lọ́nà mẹ́fà”. Yóò ka márùn-ún nínú ọkàn rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Yóò kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ ọ́. Yóò tún kàn án, gbogbo síléètì á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú ẹsẹ̀, ẹ ti rí i: ẹni mẹ́jọ lápá ọ̀tún kọ 48. Ẹ ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n nù ún nù, ó di òmíràn. Ìbéèrè mẹ́wàá á wọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má gbà kí wọ́n máa pariwo ìdáhùn, torí àwọn mẹ́rin tó wà níwájú nìkan ni ẹ ó máa gbọ́ ohùn wọn, ẹ ó sì rò pé ó ti yé gbogbo wọn. Ẹ má sì kan tábìlì kí ẹ tó ka márùn-ún dópin, àwọn tó ń rò díẹ̀díẹ̀ á kàn wo síléètì ẹnìkejì.

Ẹ bèèrè iye síléètì tó wà kí ẹ tó lọ. Ṣọ́ọ̀kì: fún ọgọ́ta ọmọ, ẹ ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì, ìlàjì kan fún ọmọ kan lójúmọ́. Ọgbọ̀n ọ̀pá nìyẹn, ọjọ́ márùn-ún á jẹ́ 150. Páálí ọlọ́gọ́rùn-ún méjì á tó, àṣẹ́kù rẹ̀ á sì jẹ́ ti olùkọ́. Àkísà tútù ni kí wọ́n fi máa nu síléètì. Tí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, eruku á dé ọ̀fun, ọmọ tí èémí máa ń há mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́.

Ogójì ìṣẹ́jú ni kí ìjókòó kan gbà, kó má lé: orin ìṣẹ́jú márùn-ún, síléètì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àlọ́ mẹ́wàá, eré mẹ́wàá níta. Bó bá jẹ́ Ẹkùn Mẹ́ran, ẹ pín wọn sí ogún-ogún, pẹ̀lú àgbàlagbà kan nínú agbo kọ̀ọ̀kan. Agbo ọlọ́gọ́ta máa ń já, àwọn kékeré á sì ṣubú sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ńlá.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, fẹ́ bá ìjọ lọ. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn?
Ìyá kan, Ṣágámù

Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tì tó ṣì ní oṣù mẹ́fà kó tó kú. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí, tí ẹ búra lé lórí ní kóòtù, tó ní orúkọ ẹni tó ń mú un lọ, àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó máa sùn, ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Láti 2003 tí NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ti wà ni àwọn ìmígíréṣọ̀n ti ń ṣọ́ àwọn tó ń kó ọmọ kọjá ibodè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n bi í: ta ló ń mú ọ lọ? Níbo lo máa sùn? Ọjọ́ wo lo máa padà? Kó mọ ìdáhùn rẹ̀, kó sì mọ nọ́ńbà fóònù yín sórí, torí fóònù rẹ̀ lè kú.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kó tó rìn ni kó ti gbà á, torí yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ náà, ò tíì ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ọ́fíìsì Port Health ni ẹ ti ń gbà á. Èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ìwé lásán ni, kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà rí, kò nílò òmíràn. Láti 2016, títí ayé ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kí káàdì náà máa ṣiṣẹ́.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ìjọ: ta ni obìnrin àgbà tó máa sùn nínú yàrá àwọn ọmọbìnrin? Ṣé ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ láti inú? Ṣé wọ́n máa gbà kí ẹnì kan dá gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀? Ẹ má gbà á. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Nàìjíríà, ti 2003, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Ọmọ yín lè ṣèrànwọ́ o, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ àgbà tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Bí alága wọn bá sọ pé “a ní àgbà mẹ́fà”, ẹ bèèrè ọjọ́ orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

A ti kó àpò aṣọ méje jọ, a sì fẹ́ kó súìtì àti Bíbélì sí i. Ṣé ó tó?
Alàgbà, Ìpẹ̀rù

Alàgbà, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àpò aṣọ méje máa dá yín dúró lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, torí ẹrù arìnrìn-àjò kọ́ nìyẹn, ó jọ ti oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ aṣọ òkìrìkà ń bẹ ní gbogbo ọjà wọn. Ẹ tà á ní Ìpẹ̀rù, kí ẹ gbé owó rẹ̀ lọ ra nǹkan ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, tàbí ní ọjà Kétu fúnra rẹ̀. Owó á kù lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà níbẹ̀, ẹ ò sì ní gbé ìwé tó ní ìlà tiwa lọ fún ọmọ tó ń lo ìwé onílà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí wọ́n ń lò nílé-ìwé Faransé. Láti 2006 ni wọ́n ti fagi lé owó ilé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ìwé, síléètì àti aṣọ kàkí ló ń wọ́n òbí.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín pín in. Ẹ kó o lé olùkọ́ tàbí ìjọ lọ́wọ́, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn pín in fún ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kò ní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Nígbà tí àlejò bá dúró lẹ́nu bọ́ọ̀sì tó ń na súìtì, àwọn ńlá á ti àwọn kékeré ṣubú, olùkọ́ tí kò ní súìtì á sì di ẹni yẹpẹrẹ lójú wọn. Súìtì náà, ẹ fi sílẹ̀.

Ti Bíbélì, ẹ bèèrè èdè tí wọ́n ń kà. Yorùbá tiwa, tí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, àwọn àgbà ìjọ tó ti gbé Nàìjíríà rí lè kà á. Àwọn ọmọ, Faransé ni.

Ṣé a lè fi fọ́tò àwọn ọmọ sórí Facebook kí àwọn tó dáwó lè rí i?
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Rárá, bí ojú ọmọ bá hàn, tàbí orúkọ ilé-ìwé, tàbí orúkọ abúlé. Ẹni tó ń wá ọmọ láti pa lára kò nílò ju mẹ́ta yẹn lọ. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ní “ẹ yà mí”, kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Òbí ló lè fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ibi tí fọ́tò ń lọ fún un ní èdè tó gbọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó gbé kámẹ́rà, kí fóònù àwọn yòókù wà nínú àpò. Ẹ ya ọwọ́ tó ń kọ nǹkan sórí síléètì. Ẹ ya pátákó tí iṣẹ́ kún, ẹ ya ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe nawọ́ sókè. Ẹ pa àmì ibi tí fóònù wà kí ẹ tó yà á. Àwọn tó dáwó á rí iṣẹ́. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí síta, ẹ wò ó bí ẹni pé àbúrò yín ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kẹ̀mísì tó ya léjìká.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ni kí n kó sínú àpò, ṣé mo sì lè fún àwọn ọmọ lóògùn aràn?
Ìkẹ́nnẹ́

Nọ́ọ̀sì wa, oògùn aràn ni ká kọ́kọ́ dáhùn: ẹ má fún wọn. Ètò ìjọba máa ń pín in nílé-ìwé, ẹ ò sì mọ ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Ọmọ kékeré tí wọ́n fi ipá fún ní hóró sì lè kó o sí ọ̀nà ọ̀fun. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà wọn. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ pe òbí rẹ̀.

Nínú àpò: báńdéèjì, òwú, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, síṣọ́ọ̀sì, tẹmómítà, ohun ìdánwò ibà fún ẹgbẹ́ yín, àti ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru) tó tó ogún sáṣẹ́ẹ̀tì. Sáṣẹ́ẹ̀tì tó kọ lítà kan, lítà kan gééré ni omi rẹ̀. Bí ORS bá tán, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, sínú lítà kan omi mímọ́. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ga bí òkè. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyẹn: ẹni tó bá bu iyọ̀ kún ṣíbí gègèrè á fún ọmọ ní iyọ̀ àpọ̀jù, òǹgbẹ á pọ̀ sí i, gìrì sì lè mú un. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá di wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ dà á nù.

Nínú ẹgbẹ́ yín, kí kálukú ní nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ibà kì í sábà ṣe é nílé. Omi mímu, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé gàrí Ìjẹ̀bú lọ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún lójú ẹni tó ti se oúnjẹ dè yín.

Owó wo la ń ná níbẹ̀, aago wọn ńkọ́?
Òǹkàwé kan, Odè-Rẹ́mọ

Owó CFA. Ẹ gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní 500, 1000 àti 2000, torí ẹni tó ń ta àkàrà kò ní ṣẹ́ńjì 10.000. Aago Benin àti tiwa dọ́gba. Togo àti Ghana ló fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Síímù ibẹ̀, páásípọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ọmọ bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní wọ́n ń ṣe òun níkà nílé ńkọ́?
Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jókòó sí ibi tí àgbà kejì ti lè rí yín, kódà bí kò bá gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Àgbà kan kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, yálà nínú yàrá, nínú mọ́tò tàbí lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òfin yìí ń dáàbò bo ọmọ náà, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀yin náà.

Ẹ tẹ́tí sí i. Bó bá ní “ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni”, ẹ má ṣèlérí yẹn, torí ẹ ò ní lè mú un ṣẹ. Ẹ ní: “O ṣeun tí o sọ fún mi. Ó ní ẹnì kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún, kó lè ràn ọ́ lọ́wọ́.” Ẹ má bi í ní “ṣé bàbá rẹ ni?” Ẹ bi í ní “kí ló ṣẹlẹ̀?” nìkan, kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú aago, ẹ fi lé ẹni tí ìjọ ibẹ̀ yàn fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí wọn ò bá tíì yan ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí wọ́n yàn án kí ẹ tó gbéra nílé. Benin ní òfin ọmọdé tirẹ̀ láti 2015, àwọn ará ibẹ̀ ló sì mọ ọ́fíìsì tó yẹ. Ẹ má lọ bá òbí jà. Ẹ ó padà sí Àgọ́-Ìwòyè lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà ṣì ń sùn nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn àwọn ọmọ máa ń sunkún, wọ́n á di aṣọ wa mú. Báwo la ṣe máa dágbére?
Olórí ẹgbẹ́ akọrin, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdágbére láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ fa ìlà márùn-ún sí igun pátákó, ẹ ní: “Ọjọ́ márùn-ún la wà pẹ̀lú yín.” Ní òpin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan jáde wá nu ìlà kan nù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sí ẹni tí ìdágbére máa bá lójijì.

Kí Jímọ̀ náà jẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀: orin, síléètì, àlọ́, eré. Ẹ má ṣe ayẹyẹ ńlá. Kí olùkọ́ wọn ló darí orin ìkẹyìn, kí ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì àti síléètì tó kù lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Ọmọ kan á bi yín pé, “Ìgbà wo lẹ tún máa wá?” Ẹ má fi “láìpẹ́” tàn án, ó máa ka ọjọ́. Ẹ ní: “A ò tíì mọ̀. Olùkọ́ yín wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè.” Kí ẹ sì ti bá olùkọ́ náà fẹnu kò lórí ohun tó máa kọ́ wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, kó lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn lọ sílé, kí ẹ ka iye wọn jáde, kí bọ́ọ̀sì tó dé rárá. Ọmọ tó ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì lè wọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn, ibi tí dígí awakọ̀ ò dé. Aago mẹ́ta ọ̀sán tó fún ẹrù dídì.